Bí Mo Ṣe Ń Wọn Gíga Ọmọ ní Ajah

Kùrukùru bo ọ̀sà ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ọyẹ́ ti dé, ṣùgbọ́n ní etí omi ti wa, ọyẹ́ kì í gbẹ bíi ti òkè. Ó máa ń tutù, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara. Ọkọ̀ ojú omi tí kò jìnnà sí wa ju ogún ìgbésẹ̀ lọ, a ò rí i. Ohùn àwọn tó ń tù ú nìkan là ń gbọ́. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ, oòrùn yọ, ó pupa roboto, ẹ lè tẹjú mọ́ ọn kó má dùn yín lójú. Bàtà àbúrò mi ni mo yá wọ̀. Yanrìn ti kún inú rẹ̀ kí n tó dé ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni kí ẹ ṣe, èmi ò lè yan iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Èyí tí mo ṣe ni mo mọ̀. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí wọ́n tó ní kí n wá máa tọ́jú àbúrò. Wọ́n gbà mí sí ilé ìwòsàn pé kí n máa gbálẹ̀, kí n máa pọnmi. Owó oṣù rẹ̀ kò tó ohun tí à ń sọ, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Nígbà tí mo fi máa kúrò níbẹ̀, ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń wọn ọmọ, gíga àti ìwúwo. Láti Eleko dé Lakowe, agbo ilé tí n kò ti wọn ọmọ kan, ó kéré tán, kò pọ̀.

Sístà Wúràọlá ló kọ́ mi níṣẹ́. Àwọn ni nọ́ọ̀sì àgbà wa, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, wọ́n tínrín, wọn kò sì fẹ́ràn ariwo. Lọ́jọ́ kan wọ́n rí mi tí mò ń wo káàdì tó jábọ́ sílẹ̀.

“Ṣàbí, nọ́ńbà wo nìyí?”

“Mẹ́tàdínlógójì ni, mà.”

“Èyí ńkọ́?”

“Mọ́kànlélógójì.”

“Gbé ìgbálẹ̀ yẹn sílẹ̀. Lọ fọwọ́.”

Bí mo ṣe kúrò nídìí ìgbálẹ̀ nìyẹn.

Igi gbọọrọ kan wà tí wọ́n kàn mọ́ ògiri yàrá ìwọ̀n, wọ́n fi ọ̀dà dúdú fa ìlà íǹṣì sí i lára. Igi náà kò kan ilẹ̀. Láti ẹsẹ̀ bàtà méjì sókè ló ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọmọ tó bá kéré sí ìyẹn, orí tábìlì la ti ń tẹ́ ẹ wọ̀n. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló mú wàhálà wá lẹ́yìn ọ̀la.

Oṣù mẹ́ta ni Sístà kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ odó ni mò ń wọ̀n, tí mò ń wọn ìjókòó, tí mò ń wọn ara mi. Wọ́n á ní kí n wọn ọmọ odó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Bí ẹ̀ẹ̀kẹwàá bá yàtọ̀ sí ẹ̀ẹ̀kínní báyìí, wọ́n á fi pẹ́ńsù kàn mí ní oríkèé ìka.

“Ọmọ odó kò dàgbà láàárín wákàtí kan, Ṣàbí. Ta ló wá yí padà?”

“Èmi ni, mà.”

“Tún un wọ̀n.”

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ènìyàn, òfin wọn pọ̀. Gìgísẹ̀ mọ́ ògiri, èjìká mọ́ ògiri, kí ojú ọmọ wo iwájú. Bí ó bá dirun ṣùkú, ẹ tú u. Èyí gan-an ló máa ń fa ìjà. Obìnrin kan láti Ilasan figbe ta:

“Háà! Àná ni mo jókòó láti àárọ̀ títí ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n fi ṣe irun yẹn fún un!”

“Ìyá, irun la fẹ́ wọ̀n ni àbí ọmọ?” Bí Sístà ṣe wí nìyẹn, wọn kò tilẹ̀ gbé ojú sókè.

“Ẹ ṣáà yọ ìka méjì kúrò níbẹ̀. Kò ju ìka méjì lọ.”

“Ìka ta ni nínú wa? Ẹ tú u.”

Wọ́n tú u. Obìnrin náà kò kí wa fún ọdún kan gbáko.

Àwọn tó gba iṣẹ́ jù lọ́wọ́ wa ni àwọn ọmọ tó yẹ kó ti bàlágà tí wọn kò tíì bàlágà. Ìyá wọn kì í sọ ọ́ síta. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà ti wa, ìyá á mú ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dé, a bi í pé kí ló ṣe ọmọ, á ní inú ló ń run ún. Sístà á wo ìyá, wọ́n á wo ọmọ, wọ́n á ní kí wọ́n wọ yàrá inú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Ọmọ kò tíì rí nǹkan oṣù. Àyà rẹ̀ ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ. Tàbí ọkùnrin ni, ohùn rẹ̀ kò tíì yí.

Mo rò tẹ́lẹ̀ pé wọ́n á kàn fún wọn lóògùn. Rárá o. Ìbéèrè ló kọ́kọ́ ń ṣáájú. Ọmọ ọdún mélòó gan-an ni? Èyí nìkan lè gba ìdajì wákàtí, nítorí ìwé ọjọ́ ìbí kò wọ́pọ̀. Ìyá á ní ọdún tí ẹja pọ̀ tó ń jẹrà létí òkun ni òun bí i; a ó wá ẹlòmíràn tí wọ́n bí lọ́dún náà tó níwèé. Lẹ́yìn náà: Ìyá, ọmọ ọdún mélòó ni ẹ̀yin fi rí tiyín? Bàbá ọmọ ńkọ́? Ṣé ọmọ ń jẹun? Ṣé àìsàn kan ń bá a jà láti kékeré? Ebi nìkan lè dá ọmọ dúró. Àìsàn tí ń jẹ egungun lè dá a dúró. Nígbà míì, kò sí nǹkan kan rárá, bí ẹbí wọn ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Bàbá Gàní, tó ń wa lọ́rì yanrìn, mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá lọ́jọ́ kan tí dókítà wà níbẹ̀. Ọjọ́bọ̀-Ọjọ́bọ̀ ni dókítà máa ń ti Èkó gba orí omi wá.

“Dókítà, ọmọ yìí ti pé mẹ́rìndínlógún, ohùn rẹ̀ ṣì ń dún bíi ti ẹyẹ ẹ̀gà.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, bàbá? Ìgbà wo ni tiyín yí?”

Bàbá Gàní bẹ̀rẹ̀ sí í wo òrùlé. Ìyàwó rẹ̀ tó bá a wá bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ sọ òtítọ́ o! Ọjọ́ tí ẹ wá tọrọ mi, ìyá mi ní ṣé àbúrò ọkọ ni wọ́n rán wá ni!”

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ ya fọ́tò egungun ọwọ́ ọmọ náà ní Èkó. Fọ́tò náà fi hàn pé egungun rẹ̀ ṣì kéré sí ọjọ́ orí rẹ̀. Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, ó sì ń ga díẹ̀díẹ̀, kò dúró. Dókítà ní kí wọ́n lọ fọkàn balẹ̀. Kò pé ọdún méjì tí ọmọ náà fi ń tẹ orí ba kó tó wọ lọ́rì bàbá rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò le. Ọmọ tó ń ga, tí àwọn òbí rẹ̀ náà pẹ́, ẹ lè dúró dè é. Ọmọ tó dúró sójú kan, ẹ má dúró dè é. Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó ń ga? Igi ara ògiri ló máa sọ. Ìdí nìyẹn tí Sístà fi ń kàn mí ní pẹ́ńsù.

Sístà Wúràọlá fẹ̀yìn tì, wọ́n padà sí Ẹ̀pẹ́. Wọ́n rán Sístà mìíràn wá, ọ̀dọ́, ó ń yára sọ̀rọ̀. Ọdún kejì tó dé, òjò rọ̀ púpọ̀, ọ̀sà wọlé. Omi fà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ yàrá ìwọ̀n kò gbẹ mọ́. Omi ń sun láti abẹ́. Wọ́n bá pe bírìkìlà, ó da kọ́ńkéré tuntun lé ti àtijọ́. Ó dán, ó tẹ́jú. Inú wa dùn. Mo fọ̀ ọ́, mo gbé ìjókòó padà, mo bá iṣẹ́ lọ. Igi wà lára ògiri níbi tó ti wà. Ta ni ìbá wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, igi tí kò kan ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀?

Kí ilẹ̀ yẹn tó dé, Ìyá Rísí ti mú ọmọ rẹ̀ wá. Ará Eleko ni wọ́n, ẹja ni ìyá ń yan. Rísí pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kúrú, ó wú lójú díẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún méjìlá ti ga jù ú lọ. Aṣọ tí kò bá gba àbúrò mọ́, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń gbé e fún. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé sọ ọ́ ní “Àgbàdo-ò-gbó.” Mo wọ̀n ọ́n: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti íǹṣì mẹ́ta. Dókítà bi ìyá rẹ̀ ní gbogbo ìbéèrè, ó wá ní:

“Ẹ jẹ́ ká wo ọdún kan. Bí kò bá ga, ó gbọ́dọ̀ lọ Èkó, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ó bá ga, a ó ní sùúrù.”

Nígbà tí ọdún pé, orí ilẹ̀ tuntun ló dúró sí. Mo kà á: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti íǹṣì márùn-ún. Mo tún un wọ̀n bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Márùn-ún náà ni. Dókítà wo káàdì, ó ní, “Íǹṣì méjì. Ó dára. Ó pẹ́ ni, kò dúró. Kó máa lọ, kó padà wá ní ọdún tó ń bọ̀.” Ìyá Rísí kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, obìnrin náà padà wá láìtó àkókò. Ọjọ́bọ̀ ni, ilé kún. Rísí tẹ̀lé e, ó ń rìn bí ẹni tó ń jí lójú oorun, ó bora nínú oòrùn gangan. Wọ́n ti mú un kúrò nílé ìwé. Tíṣà ní oorun ló ń wá sùn, kò sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ tú yunifọ́ọ̀mù kan jáde nínú ọ̀rá, ó fi orúkọ ọmọ mi pè mí:

“Ìyá Músí, ẹ ṣàánú mi. Kí n tó kọ́kọ́ mú ọmọ yìí wá sọ́dọ̀ yín ni mo rán èyí. Orúnkún ni etí rẹ̀ mọ nígbà náà, orúnkún ló ṣì mọ lónìí. Íǹṣì méjì tí ẹ ní ó fi ga, ibo ló gbé e sí? Àbí ọrùn nìkan ló ń ga ni?”

Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi.

Mo wọ yàrá ìwọ̀n, mo pe Ràmátù tó ń gbálẹ̀ wa. Mo bọ́ bàtà, mo fẹ̀yìn ti igi, mo ní kó ka tèmi.

“Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íǹṣì mẹ́rin.”

“Tún un wò.”

“Mẹ́rin náà ni. Kí ló dé?”

“Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íǹṣì méjì ni mí, Ràmátù. Láti ọjọ́ tí Sístà Wúràọlá ti ń kọ́ mi níṣẹ́, íǹṣì méjì ni mí.”

“Ah, ẹ ti ń dàgbà nìyẹn! Ẹ jẹ́ ká yáa bá yín wá ọkọ tuntun.”

Bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi wo ilẹ̀. Íǹṣì méjì ni kọ́ńkéré yẹn nípọn. Rísí kò ga rárá. Ilẹ̀ ló gbé e sókè.

N kò ní purọ́ fún yín, mo ronú pé mo lè wá ìṣó, kí n tún igi náà kàn sókè, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Opó ni mí nígbà náà, iṣẹ́ yẹn ló ń bọ́ ọmọ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n àṣegbé kò sí, àṣepamọ́ ló wà. Bí mo bá sì pa á mọ́, káàdì Rísí á ṣì máa sọ pé ó ń ga, wọ́n á ní kó tún máa dúró. Mo wọlé tọ dókítà lọ, mo sọ ọ́ lójú Sístà.

“Ṣé ojú yín fọ́ ni?” Sístà ti ń gbéra. “Iye ọdún yìí lẹ́nu iṣẹ́!”

Mo na káàdì Rísí sí dókítà.

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. “Èmi náà ń tẹ ilẹ̀ yẹn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀,” ó wí. “Ẹ kó káàdì wá. Ọmọ mélòó la ti sọ fún pé kó dúró?”

A tò wọ́n jọ. Mọ́kànlá ni wọ́n.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ojú omi gbé Rísí àti ìyá rẹ̀ lọ sí Èkó. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ohun kékeré kan wà ní ọ̀fun gbogbo wa, iwájú níbẹ̀, òun ló ń ṣe omi tí ń mú ara gbóná, tó ń mú ọmọ dàgbà. Ti Rísí ti dá iṣẹ́ sílẹ̀. Hóró oògùn kan ni, ní àràárọ̀, títí ayé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó máa ga, àmọ́ àwọn oṣù tó ti lọ kò ní padà tán. Òótọ́ ló sọ: Rísí kò bá àbúrò rẹ̀ dọ́gba títí dòní.

Wọn kò lé mi. Wọ́n yọ igi ara ògiri, wọ́n gbé irin kan wá tó ń dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, tí orí rẹ̀ ń yọ̀ lọ sókè sódò. Sẹ̀ǹtímítà ló wà lára rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó mọ́ mi lára, n óò kà á tán, n óò máa bi ara mi pé íǹṣì mélòó nìyẹn. Láàárọ̀ lójoojúmọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ ń bọ́ sórí rẹ̀, Ràmátù á ka tèmi kí a tó pe ọmọ kankan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe títí tí mo fi fẹ̀yìn tì, ní àsìkò tí ìjọba ń kọ́ àwọn ilé alájà yẹn sí Ilasan. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ tí ẹlòmíràn máa gbọ́kàn lé nọ́ńbà yín, ẹ yẹ ara yín wò kí ẹ tó yẹ ọmọ ọlọ́mọ wò.

Ó ku ohun kan tí n kò tíì sọ.

Nínú ọmọ mọ́kànlá yẹn, mẹ́wàá padà wá. Yàtọ̀ sí Rísí, àwọn mẹ́sàn-án ń ga lóòótọ́. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣadé, ní Lakowe, ìyá rẹ̀ kò mú un wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ bá wọn nílé láàárín oṣù kan. Mo sọ fún ìyá náà pé ilé ìwòsàn ní kí wọ́n padà wá, pé àṣìṣe kan wọlé. Ó ń bó ẹ̀gẹ́, kò dáwọ́ dúró.

“Lẹ́ẹ̀kan ẹ ní ó ń dàgbà. Ẹ tún dé, ẹ ní ẹ ò mọ̀ bóyá ó ń dàgbà. Lọ́la ẹ ó ní kò sí ọmọ níbẹ̀ rárá. Ẹ máa lọ, Ìyá.”

Ẹ̀ẹ̀kejì, kò tilẹ̀ dá mi lóhùn. Mo fi í sílẹ̀. Kò yẹ kí n fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi í sílẹ̀ fún ọdún kan ó lé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Rísí àti ọmọ rẹ̀ wọlé dé. Ìyá náà fà mí sí ẹ̀yìn tánkì omi, ó fi ẹnu sí mi létí. Rísí ti rí nǹkan oṣù rẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Rísí dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tí à ń sọ, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Yunifọ́ọ̀mù tuntun ló wọ̀. Wọ́n ti gbà á padà sílé ìwé. Mo kí wọn kú oríire. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ọ̀rọ̀ Ṣadé fún wọn, n kò mọ ohun tó mú mi sọ ọ́.

Rísí ní, “Ìgbà wo lẹ fẹ́ lọ, mà?”

“Lọ síbo?”

“Lakowe. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ.”

Ọjọ́ kejì, èmi àti Rísí wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Lakowe. Mo mú ọ̀pá ìwọ̀n tó ṣeé ká. Ìyá Ṣadé jókòó síbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́ nígbà yẹn. Bó ṣe rí mi, ó yíjú sẹ́yìn. Rísí kúnlẹ̀ kí i.

“Ta nìyí?”

“Rísí ni mí, mà, láti Eleko. Orí ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ti wọn èmi àti Ṣadé.”

Ó wò ó láti òkè délẹ̀. Ó wá wò mí. Mo rí i nígbà náà pé lọ́jọ́ méjì tí mo ti wá tẹ́lẹ̀, ilé ìwòsàn ni mò ń fi ọ̀rọ̀ náà sí lọ́rùn, n kò dárúkọ ara mi.

“Ìyá Ṣadé,” mo wí, “èmi ni mo ṣì í wọ̀n. Wọ́n gbé ilẹ̀ ga, n kò wò ó. Ọwọ́ mi ló ti wá, kì í ṣe ọwọ́ ẹlòmíràn. Mo wá bẹ̀ yín.”

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ sí ìró.

“Ṣadé!” ó pè sínú ilé. “Jáde wá. Wá dúró ti ògiri.”

Ọmọ náà jáde. Mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá yanrìn ibẹ̀ kúrò títí ilẹ̀ líle fi yọ, mo ní kó sún gìgísẹ̀ mọ́ ògiri, mo sì wọ̀n ọ́n.